Bí Oníná Bá Jẹ Wá ní Gbèsè

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà ni iṣẹ́ mi, n ó sì yà síbẹ̀ díẹ̀ kí n tó dìde lórí àga yìí. Ọ̀rọ̀ owó ni. Owó tí a san fún ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná mànàmáná, tí ó ju iye tí ó yẹ kí a san lọ, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, àti ọ̀nà tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè gbà padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ èrò gba ọ̀nà Èkó sí Benin yóò mọ ìlú Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Olúwarẹ̀ yóò sì mọ ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Èrò fún kọ̀ńdọ́ lówó, kọ̀ńdọ́ ní òun kò ní owó wẹ́wẹ́, ó fi bíírò kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì pé ó ku ₦500. Láti ìgbà náà lọ, ojú èrò kò kúrò lára kọ̀ńdọ́ mọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró, bí èrò náà bá ń jẹ iyán lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ ń bẹ lára ₦500 rẹ̀. Kò ní tọrọ ṣéńjì náà. Yóò bèèrè rẹ̀ ni. Bí kọ̀ńdọ́ bá sì fẹ́ ṣe bí ẹni tí ó gbàgbé, ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Ogun abẹ́lé ọdún 1967 ni gbólóhùn yẹn ti jáde, ṣùgbọ́n a ti ń lò ó fún ìjà kéékèèké pẹ̀lú.

Ẹ wá mú èrò kan náà dé ilé rẹ̀ ní Odígbó. Ilé-iṣẹ́ oníná jẹ ẹ́ ní gbèsè tí ó tó ₦100,000 nítorí bíìlì tí wọ́n gbé fún un ju bí ó ti yẹ lọ. Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí kọ̀ńdọ́ rímú mí nítorí ₦500 yìí kan náà ni yóò wọ aṣọ tí ó dára, tí yóò lọ sí ọ́fíìsì, tí yóò máa bẹ ọ̀dọ́mọdé akọ̀wé pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣe é.” Bí wọ́n bá sì ní kí ó padà wá lọ́la, ó lè má padà lọ mọ́ láé. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a wá ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ìdí iṣẹ́ mi. Èdè wa kún fún ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ra ọjà tí kò tíì sanwó. Àwìn ni ó rà, gbèsè ni ó jẹ, onígbèsè ni a ń pè é. Láyé àtijọ́, ológò a lọ dógò tì í, yóò jókòó sí ilé onígbèsè, yóò sì máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi san án. Àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tí ń tà láwìn káàkiri ilẹ̀ wa ni a sọ ní òṣómàáló, nítorí pé bí ọjọ́ owó bá pé, ìlóṣòó ni wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà, wọn kì yóò sì dìde àfi bí owó bá dé ọwọ́ wọn. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo èyí, ẹni tí ó tajà ni olówó, ẹni tí ó rajà ni onígbèsè.

Ẹni tí ó ti sanwó ṣáájú, tí ọjà kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Àsansílẹ̀ ni a ń pe owó rẹ̀. Èyí tí ó wá san kọjá iye ọjà, àsanjù ni n ó máa pè é lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò kan ti dé, ó sì ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀: kírẹ́díìtì. Bí ìyá olóúnjẹ bá ní òun kì í ta kírẹ́díìtì, àwìn ni ó ń sọ. Bí ọmọ rẹ̀ bá sì ní kírẹ́díìtì ṣì kù lórí mítà, òdìkejì àwìn gan-an ni ó ń sọ, nítorí owó ti lọ, iná ni kò tíì wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ojú méjì. Ó dá mi lójú pé ìdàpọ̀ yìí wà lára ohun tí ń mú kí oníbàárà máa rò pé ojú rere ni wọ́n ṣe fún òun nígbà tí wọ́n bá fi “kírẹ́díìtì” sí àkáǹtì òun. Kì í ṣe ojú rere. Gbèsè tí oníná jẹ ẹ́ ni ó ń san.

Ìdí kejì jẹ́ ti ìtàn. Òfin ọdún 1950 ni ó dá ECN sílẹ̀. Ní ọdún 1972 a dá NEPA sílẹ̀ láti gba iṣẹ́ náà ṣe. PHCN dé ní ọdún 2005. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ti àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó bọ́ sí ọwọ́ BEDC, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Benin, pẹ̀lú ti Èkìtì, Edo àti Delta. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n àkàbà kò yí padà. Ẹnikẹ́ni tí ó dàgbà ní ilẹ̀ wa mọ àkàbà tí àwọn òṣìṣẹ́ NEPA máa ń gbé kiri láti fi gé wáyà onígbèsè. Àkàbà yẹn ni ó kọ́ wa pé oníbàárà ni í máa ń jẹ gbèsè, oníná ni í máa ń sin owó. A kò rí àkàbà tí oníbàárà lè gbé lọ sí ọ́fíìsì wọn rí.

Báwo ni àsanjù ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bíìlì àfojúbù ni bàbá wọn. Àgbẹ̀ kòkó kan ní Odígbó kò ní gbà kí ẹni tí ń ra kòkó fi ojú lásán wo àpò rẹ̀, kí ó sì ní, “Eléyìí yóò tó ìwọ̀n báyìí.” Orí òṣùwọ̀n ni yóò ní kí ó gbé e sí, yóò sì dúró tì í kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí. Ẹni tí kò ní mítà kò rí àǹfààní yìí. A kàn ń fojú bù ú fún un pé iná tí ó lò nínú oṣù kan tó báyìí, bí iná tilẹ̀ wá, bí kò tilẹ̀ wá. Nítorí ìyà yìí ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, fi pàṣẹ ní ọdún 2020 pé iye iná tí a lè kà sí ọrùn ẹni tí kò ní mítà gbọ́dọ̀ ní òdiwọ̀n, wáyà ńlá kọ̀ọ̀kan tí ń gbé iná wọ àdúgbò sì ní òdiwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò lè fi í ṣe iṣẹ́ fún àwọn ọmọ. Ká ní òdiwọ̀n àdúgbò kan jẹ́ yúnìtì 120 lóṣù, tí yúnìtì kan sì jẹ́ ₦60. Iye iná jẹ́ ₦7,200. Owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, 7.5 nínú 100, jẹ́ ₦540. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,740. Bí bíìlì tí wọ́n gbé wá bá jẹ́ ₦20,000, tí onílé sì san án nítorí ìbẹ̀rù àkàbà, àsanjù rẹ̀ fún oṣù náà jẹ́ ₦12,260. Fún oṣù 9, ó di ₦110,340. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni owó yìí, tàbí owó tí a fi ń gba àwọn tí yóò ro oko kòkó.

N kò mẹ́nu kan oṣù 9 lásán. Ní oṣù kejì ọdún 2024, NERC kéde pé àwọn ilé-iṣẹ́ 11 tí ń pín iná kò tẹ̀lé òdiwọ̀n náà láti oṣù kìíní dé oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìtanràn tí wọ́n bù lé gbogbo wọn lé ní ₦10.5 bílíọ̀nù. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn, wọ́n rò pé owó ìtanràn yẹn ni yóò kan àwọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.  Àṣẹ mìíràn tí ó wà nínú ìwé kan náà ni ó kan oníbàárà, èyí ni pé kí wọ́n dá àsanjù padà sórí àkáǹtì àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn títí di oṣù kẹta ọdún 2024. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ ni NERC tún bá wí lórí ẹ̀sùn kan náà, pẹ̀lú ìtanràn tí ó lé ní ₦628 mílíọ̀nù. Ẹ wò ó, àṣẹ ti wà. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ àkáǹtì tirẹ̀ wò bóyá wọ́n mú àṣẹ náà ṣẹ lórí rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò gun alùpùpù wá sí Àràròmí-Obù tàbí Agbabu láti wá sọ fún un.

Ẹni tí ó ní mítà àsansílẹ̀ pàápàá kò bọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì kan gòkè dé ₦225 fún àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, àwọn tí a ń pè ní Bánáàdì Kìíní, ìyẹn Band A. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, a rí i pé ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní Abuja ti gba iye náà lọ́wọ́ àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. NERC bu ìtanràn ₦200 mílíọ̀nù lé e, ó sì ní kí ó dá yúnìtì tí ó yẹ kí àwọn oníbàárà rí gbà padà fún wọn. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí: yúnìtì ni wọ́n ní kí ó dá padà. N ó padà sí i.

Nọ́ńbà 20 tí a ń tẹ̀ sínú mítà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Orí nọ́ńbà mítà kan ṣoṣo ni a ti ṣe é, mítà mìíràn kò lè gbà á. Nítorí náà bí ẹni tí ń fi POS tajà ní Ọ̀rẹ̀ bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, iná rẹ ti dé ilé ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, báńkì yóò ti yọ owó, nọ́ńbà 20 náà kò sì ní jáde; onítọ̀hún yóò tún un san, owó méjì yóò sì ti lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn mítà tí a kò tíì tún ṣe bá ìlànà tuntun mu dẹ́kun gbígba nọ́ńbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, àfi bí a bá kọ́kọ́ tẹ oríṣi nọ́ńbà méjì mìíràn sínú wọn. Owó tí àwọn kan ti san wà nínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti tíráńsífọ́mà. Ní ìlú àti abúlé wa, bí tíráńsífọ́mà bá jó, àwọn ará àdúgbò ni yóò dá owó, ìyá eléwé ọmọ yóò dá, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì yóò dá. Wọn yóò ra tíráńsífọ́mà, wọn yóò ra òpó àti wáyà, wọn yóò sì fi lé oníná lọ́wọ́ pẹ̀lú ìlù àti ijó. Àsanjù ni èyí náà jẹ́, nítorí ẹrù tí ó yẹ kí olùtajà rà ni oníbàárà bá a rà. NERC ti ṣe òfin lórí rẹ̀ ní ọdún 2015: owó tí àwùjọ bá fi sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ ti wà láàárín àwùjọ àti ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n tó náwó. A ń náwó, a ń jó, a kì í kọ̀wé. Bákan náà ni owó mítà. Ìlànà ọdún 2021 sọ pé ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra mítà lábẹ́ ètò tí a ń pè ní MAP yóò máa gbà á padà díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iná. Mélòó nínú àwa tí a ní rìsíìtì mítà nílé ni ó ti bèèrè ibi tí wọ́n bá a dé?

Ọ̀nà wo ni a ó wá gbà? Òṣómàáló ni kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹ má ṣi òṣómàáló mọ̀ sí aláriwo. Agbára rẹ̀ kò sí nínú ariwo, nínú ìrántí ni ó wà: ó mọ ọjọ́ tí ó ta aṣọ, ó mọ iye rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ẹni tí ń béèrè àsanjù gbọ́dọ̀ ní bíìlì àti rìsíìtì gbogbo oṣù náà lọ́wọ́, nọ́ńbà àkáǹtì tàbí ti mítà, àti ìwé báńkì tí ó fi hàn pé owó jáde. Kí ó kọ iye tí ó san àti iye tí ó yẹ kí ó san síbi kan náà. Kí ó kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ ọjọ́ lu ẹ̀dà tí yóò mú lọ sílé. Ẹ̀sùn ẹnu kò ní ọjọ́ orí. Ẹ̀sùn tí a lu lóǹtẹ̀ ni a lè ka ọjọ́ rẹ̀. Ìlànà tí NERC gbé jáde lórí ẹ̀sùn oníbàárà ní ọdún 2006 fún ẹ̀ka ẹ̀sùn ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti fi dáhùn nígbà náà. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ni lọ́rùn, ọ̀nà wà láti gbé e lọ sí iwájú. Òfin ọdún 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ tún ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún oníbàárà gbogbo.

Nítorí pé èdè ni iṣẹ́ mi, mo ti kọ àpẹẹrẹ lẹ́tà kan, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè bá àwọn òbí yín kọ irú rẹ̀:

“Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀ka ẹ̀sùn oníbàárà. Èmi ni mo ni àkáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí. Láàárín oṣù báyìí sí oṣù báyìí, mo san ₦180,000. Gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n tí a fi lélẹ̀ fún àdúgbò mi, ₦69,660 ni ó yẹ kí n san. Ilé-iṣẹ́ yín jẹ mí ní ₦110,340. Mo fi ẹ̀dà rìsíìtì mẹ́sàn-án mọ́ ìwé yìí. Mo ń fẹ́ kí ẹ fi ìwé sọ fún mi ọjọ́ tí ẹ ó san án, àti ọ̀nà tí ẹ ó gbà san án.”

Ẹ rí i pé “ẹ jọ̀ọ́” kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èébú kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ni “jẹ mí ní”. Ẹni tí ó bá kọ “ẹ ràn mí lọ́wọ́” ti sọ ara rẹ̀ di alágbe kí akọ̀wé tó ka ìwé rẹ̀ tán.

Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn lẹ́tà náà, “ọ̀nà tí ẹ ó gbà san án”, ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé níbẹ̀, bí ènìyàn bá fi oníná kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn, oníná àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò ìkẹyìn fún un láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó sì dá owó tí ó kù padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Nígbà tí ìlànà yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, oníná tí ó bá kọjá ọjọ́ yìí yóò san £30 lé e fún oníbàárà. Owó ni wọ́n ń dá padà, sínú báńkì oníbàárà. Ní tiwa, iná ni a sábà máa ń dá padà: yúnìtì lórí mítà, tàbí àyọkúrò nínú bíìlì tí ń bọ̀. Fún ẹni tí ó wà nílé rẹ̀, tí iná sì ń wá, kò burú. Ayálégbé tí ó ti kó lọ sí Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ ńkọ́? Mítà kò bá a lọ. Onílé tuntun ni yóò jẹ iná rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè ìṣirò ìkẹyìn kí ó tó kó ẹrù, kí ó sì má ra yúnìtì púpọ̀ sílẹ̀ ní oṣù tí yóò kó jáde.

Àwọn mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ wọn le ju ti ayálégbé lọ. Ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ, Ẹsẹ̀-Odò, àti apá kan ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó wà nínú òkùnkùn fún ọdún gbọọrọ nítorí ìjà gbèsè láàárín wọn àti oníná. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Omotosho, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ lè mú mẹ́gáwáàtì 335 wá, kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀ rárá. Ká ní a ṣe ìṣirò tán, tí a sì rí i pé oníná ni ó jẹ ará irú ìlú bẹ́ẹ̀ lówó nítorí bíìlì àfojúbù àtijọ́. Kírẹ́díìtì iná ní ìlú tí kò ní iná, kí ni a ó fi ṣe? Ìlànà tí mo ti ń kà fún yín láti ìṣáájú kò ronú kan irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo ìyípadà tuntun pẹ̀lú ìfura àti ìrètí. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná tirẹ̀, ní ọdún 2024 sì ni NERC pàṣẹ pé kí àbójútó ọ̀rọ̀ iná ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó bọ́ sí ọwọ́ Ondo State Electricity Regulatory Bureau, àjọ tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹ̀sùn wa kò tún ní máa rìn dé Abuja mọ́ kí ó tó rí ẹni tí yóò kà á. Àjọ yìí ni ó lágbára báyìí láti sọ bóyá owó ni a ó máa fi san àsanjù fún ẹni tí wáyà rẹ̀ ti kú, tàbí iná tí kò lè rí lò. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ ní Odígbó àti Ọ̀rẹ̀ kí ẹ fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí wọn ní kíkọ, kí ẹ fi rìsíìtì àwọn ará àdúgbò yín mọ́ ọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n bá lù lóǹtẹ̀.